Igbó Ọ̀ṣun lásìkò àjàkálẹ̀ àrùn: Ṣíṣí géètì nìkan kọ́ ni iṣẹ́

Bí àjàkálẹ̀ àrùn bá ti wọ̀lú, ohun tíjọba kọ́kọ́ máa ń ṣe ni pé kí wọ́n ti gbogbo ibi térò ti ń pé jọ pa. Wọn yóò ti ọjà, wọn yóò ti ilé ẹ̀kọ́, wọn yóò ti ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, wọn yóò sì ti àwọn ibi ìṣẹ̀ǹbáyé táwọn àlejò ń wá wò. Títì yẹn kò le rárá. Ọlọ́pàá méjì àti àgádágodo kan ti tó o ṣe. Ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ ṣí i padà ni wàhálà máa ń bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ẹni tó ṣílẹ̀kùn ló máa dáhùn bí àìsàn bá bá èrò wọlé.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, Igbó Ọ̀ṣun tó wà nílùú Òṣogbo jẹ́ ibi kan tọ́rọ̀ yìí ti hàn kedere. Láàárín ọdún 2020 sí 2022, ewu oríṣi méjì ló dojú kọ ibẹ̀. Èkínní ń ti ẹnu àti imú èrò jáde. Èkejì wà nínú odò fúnra rẹ̀. Wọ́n rí ọgbọ́n dá sí èkínní. Èkejì ló ta kókó, òun gan-an ló sì yẹ kí gbogbo ẹni tó ń gbé létí omi, láti Òṣogbo títí dé Ugbonla nílẹ̀ Ìlàjẹ, fara balẹ̀ wò dáadáa.

Kí ló wà nínú igbó náà?

Etí odò Ọ̀ṣun ni igbó yìí wà, ó sì fẹ̀ tó hẹ́kítà 75. Ìtàn ìlú Òṣogbo sọ pé níbẹ̀ ni Láróòyè àti Tìmẹ́hìn ti bá òrìṣà Ọ̀ṣun dá májẹ̀mú nígbà tí wọ́n ń wá ibi tí wọn yóò tẹ̀dó sí. Ní ọdún 1965, ìjọba àpapọ̀ kéde apá kan nínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ibi ìrántí fún orílẹ̀-èdè yìí. Ní 1992, wọ́n fi ìyókù kún un. Ní 2005 ni àjọ UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá gbogbo àgbáyé. Òun ni ibi kejì tó gba irú ipò bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà, lẹ́yìn Sukur ní ìpínlẹ̀ Adamawa tó ti wọlé ní 1999.

Àwọn ère ńláńlá táwọn àlejò ń rí níbẹ̀ lónìí, Susanne Wenger, obìnrin ará Austria táwọn èèyàn mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, àtàwọn oníṣẹ́ ọnà Òṣogbo tó bá a ṣiṣẹ́ ni wọ́n mọ wọ́n. Oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2009 ni obìnrin náà kú.

Lọ́dọọdún, nínú oṣù Kẹjọ, wọ́n máa ń fi bí ọjọ́ méjìlá ṣe ọdún Ọ̀ṣun. Ìwọ́pópó ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, wọn yóò tan iná olójúmẹ́rìndínlógún, wọn yóò ṣe Ìbọríadé, títí tí yóò fi kan ọjọ́ tí Arugbá yóò gbé igbá láti ààfin lọ sínú igbó, tí èrò yóò sì tẹ̀ lé e. Àwọn èèyàn ń wá láti gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n ń wá láti Brazil, Kúbà àti Amẹ́ríkà.

Kì í ṣe ìran wíwò nìkan ni wọ́n bá wá. Omi ni wọ́n bá wá. Àgàn ń wá omi ọmọ, aláìsàn ń wá omi ìwòsàn. Wọn yóò mu nínú rẹ̀, wọn yóò fi bọ́jú, wọn yóò sì rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì lọ sílé fáwọn tí kò lè wá. Kí ẹni tó ń ka ọ̀rọ̀ yìí fi èyí sọ́kàn, nítorí òun ni yóò padà di ìṣòro níwájú.

Ọdún 2020: Èrò dúró sílé, ètùtù ń lọ

Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kejì, ọdún 2020 ni wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àrùn Kòrónà tí wọ́n ń pè ní COVID-19 ti wọ Nàìjíríà. Nígbà tó fi máa di ìparí oṣù Kẹta, ìjọba àpapọ̀ ti pàṣẹ kónílé-gbélé fún Èkó, Ògùn àti Abuja, àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn sì ṣe tiwọn. Ìpínlẹ̀ Oǹdó rí alárùn àkọ́kọ́ ní ọjọ́ kẹta, oṣù Kẹrin. Oṣù mẹ́ta péré lẹ́yìn ìyẹn, ní ọjọ́ kejì oṣù Keje, kọmíṣọ́nnà fún ètò ìlera ní Oǹdó, Dókítà Wahab Adegbenro, kú nígbà tí àrùn náà ń jà. Ẹni tó ń darí ìjà náà ló bá a lọ. Ìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ tó ń sọ pé àrèmọjẹ ni gbogbo rẹ̀ tó panu mọ́.

Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Keje ni ìjọba àpapọ̀ gbà káwọn èèyàn máa ti ìpínlẹ̀ kan bọ́ sí èkejì padà. Nígbà tí ọdún Ọ̀ṣun fi máa dé nínú oṣù Kẹjọ, ọ̀nà ti ṣí, àrùn kò sì tíì lọ. Bí wọ́n bá ní kí gbogbo ayé wá, ìjàngbọ̀n ni. Bí wọ́n bá ní kí wọ́n má ṣe ọdún rárá, àdéhùn tí ìlú bá odò ṣe láti ìpìlẹ̀ ni wọ́n yẹ̀.

Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n pín ọdún náà sí méjì. Ètùtù, tí í ṣe ti àwọn àwòrò àti ààfin, ń lọ bó ti yẹ, pẹ̀lú ìwọ̀nba èèyàn. Ayẹyẹ, tí í ṣe ti èrò àti àlejò, ni wọ́n ní kó dúró ná. Ọdún kò pa rẹ́, bẹ́ẹ̀ ni èrò kò kó àrùn ran ara wọn létí odò.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun sí Yorùbá. Láyé ìgbà tí ìgbóná ń jà, àwọn àgbà kì í dárúkọ rẹ̀ gbà á. Wọ́n ní ilẹ̀ gbóná. Bí ilẹ̀ bá gbóná báyìí, kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń sún mọ́ aláìsàn, kì í sì í ṣe ẹbí ló ń sin òkú rẹ̀. Àwọn tí iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ wọn ló ń ṣe é. Ẹni tó bá ní títakété síra ẹni jẹ́ àṣà òyìnbó kò tíì bi àgbàlagbà léèrè.

Ohun tí Mẹ́kà àti Peru ṣe

Òṣogbo nìkan kọ́ ló ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2019, nǹkan bíi mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ mùsùlùmí ló ṣe iṣẹ́ Hájì. Ní 2020, ìjọba Saudi kò gba àlejò kankan láti òkè òkun. Ìwọ̀nba èèyàn díẹ̀ lára àwọn tó ti ń gbé nílẹ̀ wọn ni wọ́n mú. Wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan Kábà. Òkúta tí wọ́n fi ń sọ èṣù, wọ́n ti fọ̀ ọ́ mọ́, wọ́n sì dì í sínú àpò fún oníkálùkù. Omi Sámúsámù pàápàá, inú ìgò ni wọ́n bù ú sí fún wọn, kí ẹnikẹ́ni má baà fi ife ẹlòmíràn mu ún.

Ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe níbẹ̀ dáadáa. Wọn kò ní kí aláàjì má mu omi Sámúsámù, nítorí wọ́n mọ̀ pé kò sí bí wọ́n ṣe máa sọ ọ́ tí yóò gbọ́. Ọ̀nà tí omi náà gbà dé ẹnu rẹ̀ ni wọ́n yí padà.

Ní Peru, ní ìhà gúúsù Amẹ́ríkà, ìlú àtijọ́ kan wà lórí òkè tí wọ́n ń pè ní Machu Picchu. Oṣù Kẹta ọdún 2020 ni wọ́n tì í, ó sì di ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kọkànlá kí wọ́n tó ṣí i padà. Èèyàn 675 ni wọ́n ní kó máa wọlé lójúmọ́, ìyẹn bí ìdá 30 nínú 100 iye tí wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀. Wọn kò fi ẹnu lásán sọ pé kí èrò má pọ̀ jù. Iye ni wọ́n dá, wọ́n sì ń kà á lẹ́nu ọ̀nà. Òfin tí kò bá ní iye nínú, ẹ̀bẹ̀ lásán ni.

Ìbínú tó wà nílẹ̀

Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló fi tìfẹ́tìfẹ́ gba òfin ọdún 2020. Àwọn oníṣẹ̀ṣe kan ń bèèrè pé kí ló dé tó jẹ́ ojúbọ ni wọ́n ń tì nígbà tí ọjà kún fọ́fọ́. Àwọn olóṣèlú náà kò ran ọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹwàá ọdún 2020 ni wọ́n dìbò gómìnà ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, kí ọjọ́ náà sì tó pé, èrò ìpolongo ìbò ń fún ara wọn mọ́ ara wọn lójú pópó. Ẹni tí wọ́n ní kó má ṣe ọdún bàbá rẹ̀, tó wá ń wo ìyẹn, kò ní fẹ́ gbọ́ ohun tí dókítà ń wí mọ́.

Bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ oúnjẹ tún wà níbẹ̀. Oṣù Kẹjọ ni ìkórè àwọn oníhòtẹ́ẹ̀lì, àwọn aládìrẹ, àwọn tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀, àwọn ọlọ́kadà àti àwọn ìyá olóúnjẹ ní Òṣogbo. Nígbà tí èrò kò wá, wọn kò rí nǹkan kan tà. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí àwọn tó ń ṣòfin máa rò pé títì ò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Àwọn tálákà tó ń tajà lẹ́bàá ọ̀nà ló ń sanwó rẹ̀.

Ọdún 2022: Ewu wà nínú omi

Abẹ́rẹ́ àjẹsára àkọ́kọ́ dé Nàìjíríà ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹta ọdún 2021. Díẹ̀díẹ̀, ìbẹ̀rù àrùn Kòrónà rọlẹ̀, èrò sì tún ń rọ́ wá sí Òṣogbo. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Kòrónà kì í ṣe ọ̀rọ̀ pàjáwìrì mọ́. Àmọ́ kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ewu mìíràn ti yọjú.

Ní òkè odò, lágbègbè Iléṣà àti àyíká rẹ̀ nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, àwọn èèyàn ń wa wúrà. Ọ̀pọ̀ wọn kò gba ìwé àṣẹ. Ẹrẹ̀ tí wọ́n ń fọ̀ sínú odò mú kí omi Ọ̀ṣun pọ́n bí ẹlẹ́rẹ̀. Ẹrẹ̀ nìkan kọ́ ni ìṣòro ibẹ̀. Àwọn awakùsà ní irin olómi kan tí wọ́n fi ń gba wúrà jáde lára iyẹ̀pẹ̀, mákúrì ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí ẹgbẹ́ Urban Alert tó wà ní Òṣogbo ṣàyẹ̀wò odò náà ní 2021, wọ́n ní mákúrì àti òjé tó wà nínú rẹ̀ ju ìwọ̀n tí òfin Nàìjíríà fàyè gbà lọ fíìfíì.

Nígbà tí ọdún Ọ̀ṣun ti 2022 ń sún mọ́lé, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má mu omi odò náà. Èrò gbọ́. Wọ́n wá síbẹ̀, wọ́n bu omi, wọ́n sì mu ún.

Àwọn kan yóò ní àìgbọràn ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó rin ìrìn àjò láti ọ̀nà jíjìn nítorí omi, tí wọ́n wá sọ fún un létí omi pé kó má mu ún, kí ni wọ́n ní kó ṣe? Ìkìlọ̀ tí kò fún èèyàn ní nǹkan mìíràn dípò kì í pẹ́ létí. Àwọn ará Saudi bu omi sínú ìgò. Ní Òṣogbo, ẹnu ni wọ́n fi lé èrò kúrò nídìí odò, odò náà sì ń ṣàn níwájú wọn.

Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí gbogbo ilé mọ̀. Síse omi máa ń pa kòkòrò kọ́lẹ́rà. Kì í mú mákúrì kúrò, kì í sì í mú òjé kúrò. Bí omi ṣe ń fà lórí iná, ṣe ni májèlé náà ń pọ̀ sí i nínú èyí tó kù. Omi mákúrì lè mọ́ lójú kó sì dùn lẹ́nu. Ọpọlọ, iṣan àti kíndìnrín ló ń bà jẹ́, ọmọ inú oyún ló sì ń ṣe ní jàm̀bá jù. Ẹ sì rántí pé ẹni tó ń wá ọmọ ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń mu omi Ọ̀ṣun.

Ọ̀nà wo ni àrùn ń gbà wọlé?

Ohun tí ìtàn ọdún méjèèjì yìí kọ́ èèyàn ni pé kò sí òfin kan tó ń wo gbogbo ewu. Kí wọ́n tó ṣí ibi ìṣẹ̀ǹbáyé kankan lásìkò àìsàn, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé ọ̀nà wo ni àìsàn náà ń gbà wọlé sára.

Bí ó bá jẹ́ afẹ́fẹ́ ni, bíi ti Kòrónà, iye èrò ni kí wọ́n dín kù, kí wọ́n sì lo ìbomú. Bí ó bá jẹ́ fífọwọ́ kan aláìsàn ni, bíi ti Ebola tó wọ Èkó nínú oṣù Keje ọdún 2014, wíwá gbogbo ẹni tó bá aláìsàn pàdé kiri ni iṣẹ́. Bí Nàìjíríà ṣe ṣe é nìyẹn tó fi jẹ́ pé èèyàn 20 péré ló kó o, tí mẹ́jọ kú, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé sì kéde ní ọjọ́ ogún oṣù Kẹwàá ọdún yẹn pé ó ti tán nílẹ̀ wa. Bí ó bá jẹ́ eku ni, bíi ti ibà Lassa tó ń yọ ìpínlẹ̀ Oǹdó lẹ́nu, ìbomú kò ràn án. Oúnjẹ àti pàǹtírí ni kí wọ́n bójú tó. Bí ó bá sì jẹ́ omi ni, kí wọ́n ka èrò lẹ́nu ọ̀nà kò já mọ́ nǹkan. Èèyàn mẹ́wàá tó mu omi burúkú, mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló mu májèlé.

Nítorí náà, kí wọ́n tó ṣí Igbó Ọ̀ṣun fún èrò lọ́dọọdún, ó yẹ kí wọ́n ti gbé omi odò lọ sí yàrá àyẹ̀wò, kí wọ́n sì kọ èsì rẹ̀ ní èdè Yorùbá sẹ́nu géètì. Ó yẹ kí ààfin àti àwọn àwòrò jókòó pẹ̀lú àwọn oníṣègùn, kí wọ́n wá omi tó mọ́ tí àwọn àwòrò lè wúre sí, tí èrò lè gbé lọ sílé. Àwọn àwòrò nìkan ló lè sọ bóyá ó bá ìlànà òrìṣà mu. Bí ó bá ti ẹnu wọn jáde, èrò yóò gbọ́ ju ti ìjọba lọ. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí wọ́n lọ bá àwọn awakùsà lókè odò. Wọn kò lè máa ṣọ́ géètì ní Òṣogbo kí wọ́n sì fi Iléṣà sílẹ̀ gbayawu.

Ugbonla ńkọ́?

Ará Ugbonla lè ní kí ló kan òun nínú ọ̀rọ̀ Òṣogbo. Ó kàn án gan-an. Odò Ọ̀ṣun kò parí sí Òṣogbo. Ó ń ṣàn lọ sínú ọ̀sà Lekki, ọ̀nà omi tó sì ti ibẹ̀ wá ló la ilẹ̀ Ìlàjẹ kọjá. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ìṣòro méjèèjì tí Òṣogbo rí ní ọdún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lè dé bá etíkun Ìlàjẹ lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Ọkọ̀ ojú omi ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń rìn níbẹ̀. Ìbáà jẹ́ ọdún Málòkun, ìbáà jẹ́ ìpàgọ́ ìjọ, ìbáà jẹ́ ìsìnkú, inú ọkọ̀ kan náà ni èrò yóò fún ara wọn mọ́. Bí àrùn bá jẹ́ ti afẹ́fẹ́, wọn yóò ti kó o kí wọ́n tó dé ibi ayẹyẹ. Ayétòrò, ìlú tí Ìjọ Àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ dá sílẹ̀ ní 1947, táwọn àlejò ti ń wá wò tipẹ́, kò ní géètì kankan tí ọlọ́pàá lè dúró sí. Èbúté ni géètì rẹ̀, Ìgbọ́kọ̀dá sì ni ọ̀pọ̀ àlejò ti ń wọkọ̀. Bí wọn yóò bá ka èrò, ibẹ̀ ni kí wọ́n ti kà á.

Ní ti omi, gbogbo ayé mọ̀ pé omi ló yí Ìlàjẹ ká, síbẹ̀ omi mímu ṣọ̀wọ́n. Òkun ń ya wọ ilé, iyọ̀ ń wọ inú kànga. Omi tí wọ́n ń tukọ̀ lórí rẹ̀ náà ni àwọn kan ń wẹ̀ nínú rẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni ìgbọ̀nsẹ̀ ń bọ́ sí. Bí ẹnì kan péré bá gbé kọ́lẹ́rà wá sí ọdún, kò nílò kó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ kó tó tàn án kálẹ̀. Ìlú tó bá fẹ́ gba àlejò lásìkò àìsàn níbẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣètò omi mímu àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí kò dà sódò, kó sì ní ọkọ̀ ojú omi kan tí yóò wà nílẹ̀ láti gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn lóru. Bí mẹ́ta yìí kò bá sí, kí wọ́n ṣe ètùtù wọn pẹ̀lú ìwọ̀nba èèyàn bí Òṣogbo ti ṣe ní 2020, kí àlejò dúró di ọdún mìíràn.

Ọdún ìbílẹ̀ kì í kú nítorí pé èrò kò wá lọ́dún kan. Òṣogbo ti fi ìyẹn hàn. Ohun tó lè pa á ni kí àlejò wá, kó mu omi, kó padà sílé lọ dùbúlẹ̀ àìsàn, kó sì máa sọ fún ẹlòmíràn pé ibẹ̀ lòun ti kó o.